Níbo ni Èéfín Rẹ̀ Ń Gbà Jáde?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ènìyàn ti wù kí ó fi ìwà rẹ̀ pamọ́ tó, bó pẹ́ bó yá, yóò rú jáde bí èéfín ti ń rú jáde láti orí òrùlé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ wa, níbi tí a ti ń fi igi dáná, tí èéfín ń ta ojú, tí ó ń mú ni wúkọ́, tí gbogbo àdúgbò sì ń mọ̀ pé ilé lágbájá ti dáná. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí a wà yìí, èéfín kan wà tí ó ṣeé bò mọ́lẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í mú ni wúkọ́. Inú yàrá tí ó móoru dáadáa ni ó ti ń pa ènìyàn. Èéfín yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó wọ ilé èmi fúnra mi, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé àti ọmọdé ni mo ń ṣe, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní social work. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń wọ ilé onílé ní Manchester àti agbègbè rẹ̀, tí mo ń wo ibi tí àwọn ọmọdé ń sùn sí, ohun tí wọ́n ń jẹ, àti bóyá ewu wà nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí ó ń yẹ ilé ẹlòmíràn wò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ ilé tirẹ̀ wò. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi ohunkóhun pamọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè fi tèmi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2013 ni èmi àti ọkọ mi ra ilé kan ní Levenshulme. Ọ̀kan ni nínú àwọn ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn ní gbọọrọ ní ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Nínú yàrá iwájú, ẹnu ààrò àtijọ́ kan wà tí àwọn tí ó ni ilé náà ṣáájú wa ti fi pákó bò. A kò bìkítà fún un, nítorí pé híítà olómi gbígbóná wà káàkiri ilé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, mo bí ọmọ wa kejì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ìyá mi gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ. Eékún ń dun Màmá, wọn kò lè máa gun àtẹ̀gùn, nítorí náà yàrá iwájú ni a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí fún wọn. Òtútù Manchester kò ṣeé fẹnu sọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé. Súwẹ́tà mẹ́ta ni Màmá ń wọ̀ lé ara wọn lójoojúmọ́. Àánú wọn ṣe wá. Ọkọ mi rí iná gáàsì kan rà lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó ń kó kúrò nílé. Nígbà tí mo bá wí pé iná gáàsì nínú ọ̀rọ̀ yìí, híítà tí a ń gbé sí ẹnu ààrò ni mò ń sọ, èyí tí òyìnbó ń pè ní gas fire.

Ta ni yóò bá wa gbé e sí i? A béèrè iye tí oníṣẹ́ gáàsì tí ó ní àṣẹ yóò gbà. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá ihò èéfín náà, kí òun sì dán an wò, kí òun tó mọ̀ bóyá iná tí a rà bá a mu. Owó tí ó pè ga lójú wa. Ọmọ ìlú wa kan sì wà, ènìyàn dáadáa, tí ó ń tún gbogbo nǹkan ṣe: ó ń kun ilé, ó ń lẹ táìlì, ó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọ̀hún ni ó gbà, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó sì fi ṣe é. Ó yọ pákó, ó so páìpù, ó gbé iná náà sí i, ó tàn án, yàrá sì gbóná kíá. A fún un ní owó rẹ̀, a bu ìrẹsì àti ẹran fún un, a ṣe àdúrà fún un.

Ó ku nǹkan kan. Lára ògiri yàrá náà, nítòsí ilẹ̀, bíríkì kan wà tí wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, tí mo sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Mo rò pé mo ń ṣe ìyá mi lóore ni.

Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ rí iná náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi wá pé: "Iná rèé lóòótọ́. Níbo ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní: "Màmá, gáàsì ni, kì í ní èéfín." Ẹni tí ó kàwé dé yunifásítì ni ó dáhùn bẹ́ẹ̀, fún obìnrin tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná igi.

Àìsàn tí kò ní orúkọ

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Màmá. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, wọ́n á ní ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń lu gángan nínú orí àwọn. Èébì ń gbé wọn, oúnjẹ kò wù wọ́n, ó ń rẹ̀ wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Dókítà wò wọ́n, ó ní ó jọ òtútù tí ó ń jà kiri nígbà náà. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìbátan wa kan pè láti ilé, ó ní kí a má ṣe fojú fo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aráyé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n lo wákàtí mẹ́ta níbẹ̀, orí náà á fúyẹ́, ara wọn á yá gágá. A óò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a óò sì dá wọn padà sínú yàrá náà.

Ọmọ tuntun náà ń sùn púpọ̀. Nínú yàrá Màmá ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ń wà ní ọ̀sán. Gbogbo ẹni tí ó wá kí wa ni ó ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Bí mo bá rántí ìyìn yẹn lónìí, ara mi a máa bù máṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo ń dín dòdò nílé ìdáná, mo sì tan fáànù tí ó ń fa èéfín òróró síta. Mo gbọ́ gbì ní yàrá iwájú. Màmá ni ó fẹ́ dìde lórí àga, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn. Ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sunkún. Àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún 8 nígbà náà, ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ nínú yàrá kan náà. Òun ni ó wí pé: "Mummy, orí ń fọ́ èmi náà."

Gbólóhùn yẹn ni ó là mí lójú. Wọ́n ti kọ́ wa ní ibi iṣẹ́ pé bí orí bá ń fọ́ ará ilé ju ẹyọ ẹnìkan lọ, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá ti jáde, kí a má ṣe wo aláìsàn nìkan, kí a wo ohun tí ó ń jó nínú ilé. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Mo pa iná náà, mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, a sì kó gbogbo ilé jáde sínú òtútù. Mo pe 999 fún ọkọ̀ aláìsàn. Ọkọ mi pe nọ́ńbà pàjáwìrì gáàsì, èyí tí í ṣe 0800 111 999, tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Màmá àti ti àwọn ọmọ wò, wọ́n rí májèlé náà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní oxygen fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọlọ́run ṣàánú wa, gbogbo wọn ni ó padà wálé.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn iná náà

Lẹ́yìn èyí ni a wá pe oníṣẹ́ tí ó yẹ kí a ti pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ iná náà kúrò lára ògiri, ó ní kí a wá wò ó. Òkìtì nǹkan wà níbẹ̀: àfọ́kù bíríkì, iyanrìn tí ó ti ń ya lára ògiri ihò èéfín, ìdọ̀tí dúdú tí èédú àtijọ́ fi sílẹ̀, àti igi wẹ́wẹ́ tí ẹyẹ fi kọ́ ìtẹ́. Ó tan nǹkan kékeré kan tí ó ń rú èéfín púpọ̀ sí ẹnu ààrò, ó ní kí ọkọ mi lọ dúró ní òpópónà kí ó máa wo orí òrùlé. Kò sí èéfín kankan tí ó jáde lókè. Gbogbo rẹ̀ padà wá bá wa nínú yàrá. Ìtẹ́ ẹyẹ ti dí ihò náà pa. Màmá dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo èéfín náà. Wọn kò bínú, wọn kò pariwo. Wọ́n kàn wí pé: "Ìbéèrè tí mo bi yín náà nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà. Bí gáàsì tí a ń lò lónìí bá rí afẹ́fẹ́ tí ó tó, carbon dioxide àti ooru omi ni ó ń mú jáde jù lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, tàbí bí èéfín tí iná ti mú jáde bá ń padà wá bá iná náà, carbon monoxide ni yóò máa jáde. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun pupa kan wà tí ń gbé oxygen kiri ara. Carbon monoxide a máa lẹ̀ mọ́ ohun pupa yìí ju bí oxygen ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 200. Bí ó bá ti gba àyè náà, ọpọlọ àti ọkàn kò rí oxygen tó mọ́, bí ènìyàn tilẹ̀ ń mí. Àwọn ọmọdé, àwọn arúgbó, àwọn aboyún àti ọmọ inú wọn ni ó tètè ń mú. Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀ àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni àmì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àmì wọ̀nyí jọ ti òtútù lásán.

Nítorí náà, ohun méjì ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń béèrè: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, àti ọ̀nà tí èéfín yóò gbà jáde. Èmi dí èkínní, ẹyẹ dí èkejì.

Ilé àtijọ́, iná tuntun

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Manchester gan-an nítorí irú ilé tí a ń gbé. Láti 1817 ni ìlú yìí ti ní ilé iṣẹ́ gáàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gáàsì náà ṣe. Èédú ni wọ́n ń jó fún ìyáná. Fún èédú ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ihò èéfín tí ó wà nínú ògiri ilé wa ní Levenshulme, Longsight, Gorton, Moss Side àti Cheetham Hill. Èéfín èédú yẹn sì sọ ìlú náà di dúdú. Ní 1952, Manchester sọ apá kan àárín ìlú di ibi tí wọn kò ti gbọdọ̀ rú èéfín. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kùrukùru olóró bo London fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1956, ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ fún gbogbo ilẹ̀ náà.

Bí àwọn ènìyàn ti ń fi èédú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé iná gáàsì sí ẹnu ààrò kan náà. Láàárín 1967 sí 1977, gáàsì láti abẹ́ Òkun Àríwá rọ́pò èyí tí wọ́n ń ṣe láti ara èédú. Gáàsì àtijọ́ ní carbon monoxide nínú fúnra rẹ̀. Ti òde òní kò ní in, àyàfi bí iná kò bá jó dáadáa. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu ti tán.

Ewu kò tán, nítorí pé ihò àtijọ́ ni ó ń gbé èéfín tuntun. Ihò tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún a máa ya nínú, bíríkì rẹ̀ a sì máa já bọ́. Iná èédú gbóná púpọ̀, ó ń ti èéfín rẹ̀ sókè tipátipá. Èéfín iná gáàsì kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ihò náà bá tutù, tàbí bí ó bá fẹ̀ jù, èéfín lè má gòkè. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi máa ń sọ nígbà mìíràn pé kí a ti páìpù irin títẹ̀ sínú ihò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú àwọn ilé tí ó fara kan ara wọn, ihò tiwa àti ti aládùúgbò sábà máa ń wà nínú ògiri kan náà, tí ó jẹ́ pé bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pààlà sí wọn láàárín. Bí bíríkì náà bá sán, èéfín aládùúgbò lè wọ yàrá wa, bí a kò tilẹ̀ ní iná gáàsì kankan. Àwọn mìíràn tún òrùlé wọn ṣe, wọ́n sì fi pẹpẹ dí ẹnu ihò náà lókè. Ẹni tí ó ra ilé lẹ́yìn wọn kò mọ̀.

Kí a tó yan iná

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ihò èéfín ni kí a wò kí a tó yan iná. Bí èédú bá ti jó nínú rẹ̀ rí, a gbọ́dọ̀ gbá a. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn ará àtijọ́ fi ń dín ẹnu ihò kù gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, tàbí kí wọ́n dè é ní ṣíṣí kí ó má lè padé mọ́. Àyè gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn iná, níbi tí àfọ́kù bíríkì lè já sí láìdí ọ̀nà. Òfin ìkọ́lé ilẹ̀ England, ní apá tí wọ́n ń pè ní Document J, wí pé kí ihò iná gáàsì lásán fẹ̀ tó milimítà 125 ó kéré tán. Fún èyí tí ahọ́n iná rẹ̀ ń jó ní gbangba láàárín èédú àtọwọ́dá, bí ẹni pé èédú gidi ni, milimítà 175 ni.

Ní ti afẹ́fẹ́, iná gáàsì lásán tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 7 lọ lè má nílò ojú afẹ́fẹ́ ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jọ iná èédú sábà máa ń nílò ojú afẹ́fẹ́ tí kì í padé, tí àyè rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti 10 ní òró. Ẹ rántí pé fèrèsé onígíláàsì méjì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé bí fèrèsé onígi ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ojú afẹ́fẹ́ bá wà lára ògiri yín, ẹ má dí i. Mo mọ̀ pé òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wọ súwẹ́tà kejì.

Bí oníṣẹ́ bá ti gbé iná náà sí i, kò tíì parí. Yóò ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, yóò tan iná, yóò tan fáànù ilé ìdáná pẹ̀lú bí ó bá wà nítòsí, yóò wá mú ìṣáná tí ń rú èéfín sún mọ́ etí iná náà lókè. Bí iná bá fa èéfín ìṣáná wọlé, ó dára. Bí èéfín náà bá yí padà sínú yàrá, iná yẹn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Fáànù tí mo tan nítorí dòdò ní ọjọ́ yẹn náà ń fa èéfín wá sínú ilé láti inú yàrá iwájú. Ẹni tí ó bá ṣe ìdánwò yìí ìbá ti rí i.

Ọ̀rọ̀ yàrá ìsùn tún wà níbẹ̀, ó sì kàn wá, nítorí pé àwa ni a sábà máa ń sọ yàrá iwájú di yàrá àlejò tàbí ti ayálégbé. Nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, òfin kò gba kí wọ́n gbé iná gáàsì tí agbára rẹ̀ ju kílówáàtì 14 lọ sí i, àyàfi irú èyí tí ó ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ìta, tí ó sì ń lé èéfín padà síta láti inú páìpù kan tí ó la ògiri kọjá. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, tàbí kí ó ní ẹ̀rọ tí yóò pa á fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ yàrá tó di májèlé. Iná àlòkù tí a rà fún Màmá kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ ńkọ́?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàmù nínú ilé gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ronan Point ní ìlà-oòrùn London. Igun kan ilé náà wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1970, wọ́n dá ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CORGI. Ní 1991, ó di dandan kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2009, Gas Safe Register ni ó ti rọ́pò rẹ̀. Oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí àwòrán àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níwájú. Ẹ yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti ṣe sí. Ẹni tí ó lè tún bọ́ílà ṣe lè má ní àṣẹ lórí iná ẹnu ààrò.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún wa láti béèrè káàdì lọ́wọ́ ọmọ ìlú ẹni. A ń rò pé ìwọ̀sí ni, pé yóò ní a ti di òyìnbó. Ọ̀rẹ́ wa tí ó gbé iná náà sí i kúnlẹ̀ níwájú Màmá nígbà tí ó gbọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. A sọ fún un pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí pé àwa ni a wá ohun tí ó rọjú. Kò fọwọ́ kan gáàsì mọ́ láti ìgbà náà. Bí a bá ti béèrè káàdì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun àti àwa ni ìtìjú yẹn kò bá má bá. Ẹ béèrè rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tí ó ní i kì í bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé, ọ̀rọ̀ yín ni ó ń ká mi lára jù. Ní ẹnu iṣẹ́ mi, mo ń bá àwọn ará wa pàdé tí wọ́n dé láti 2022 láti wá tọ́jú àwọn arúgbó, tí ìdílé kan ń gbé inú yàrá kan, tí wọn kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ kí onílé má baà bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀tọ́ ni èyí, kì í ṣe ojúure. Gẹ́gẹ́ bí òfin 1998, onílé gbọ́dọ̀ mú oníṣẹ́ Gas Safe wá yẹ gbogbo ohun èlò gáàsì tirẹ̀ àti ihò èéfín wọn wò ní oṣù méjìlá-méjìlá. Ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28, kí ó sì fún ayálégbé tuntun kí ó tó kó wọlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, onílé ní England gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìkìlọ̀ carbon monoxide sí yàrá gbígbé tí híítà tàbí bọ́ílà ajóná bá wà. Bí ó bá kọ̀, kánsù wà níbẹ̀, Health and Safety Executive náà sì wà.

Ẹ̀yin onílé ara yín, ẹ ra ẹ̀rọ náà. Kò wọ́n ju aṣọ ọmọdé kan lọ. Ẹ wo nọ́ńbà EN 50291 lára rẹ̀. Ẹ gbé e sí òkè, kí ó jìnnà sí iná náà ní mítà kan sí mẹ́ta, ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀; kò lè gbá ihò èéfín, kò sì lè lé ẹyẹ.

A gbá ihò tiwa, a ti páìpù irin sínú rẹ̀, a fi irin olójú wẹ́wẹ́ bo òkè rẹ̀ nítorí ẹyẹ, a sì yọ ìwé ìròyìn kúrò lára ògiri. Iná tuntun ni ó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ọmọ jẹ́jẹ́ ìjọ́sí ti dàgbà, ó sì ti di aláriwo. A kò bá a wí púpọ̀ nítorí rẹ̀.

Màmá padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 2015. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n délé, wọ́n ní kí àbúrò mi gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ fèrèsé, kí ó gbé e jìnnà sí ilé, nítorí pé májèlé kan náà ni ó ń pa ìdílé mọ́ ojú oorun nílé. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, wọ́n á pè mí lórí fóònù: "Ẹ ti pe ẹni tí ó ń yẹ iná yẹn wò?" N kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń sọ fún wọn ní ọjọ́ tí ó wá, àti ohun tí ó rí.

Ẹ̀yin òbí, kí òtútù ọdún yìí tó dé, ẹ dúró níwájú iná tí ó wà nílé yín, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè ìyá mi. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ má tàn án títí ẹni tí ó mọ̀ yóò fi dé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.